Owó Ìjọba Ìlú Ọba: Èyí Tó Tọ́ sí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé, àti Èyí Tí Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka Ìlú Ọba ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ọmọ ìlú lè rí i kà lórí fóònù wọn.

  Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ náà kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrànlọ́wọ́ owó tí ìjọba ń ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba. Ìdí tí ìgbìmọ̀ fi mú àkòrí yìí kò fara sin. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọmọ wa tó fi físà iṣẹ́ ìtọ́jú àti físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ti pọ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ méjì ló sì ń jà ràn-ìn láàárín wọn. Àwọn kan ní ìjọba ń pín owó, kéèyàn ṣáà ti lọ kọ orúkọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá wà lórí físà kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba, ì báà jẹ́ ìtọ́jú ọsíbítù, pé wọ́n máa dá a padà sílé ni.

Irọ́ ni ti àkọ́kọ́. Irọ́ ni ti èkejì náà. Ti àkọ́kọ́ ń ba físà àwọn èèyàn jẹ́. Ti èkejì ń jẹ́ kí èèyàn máa jìyà lórí ohun tó ti fi òógùn ojú rẹ̀ san owó rẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká fara balẹ̀ lónìí.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Mo kàn jẹ́ ẹni tó ti ń bá àwọn ọmọ ìlú ka lẹ́tà tí mo sì ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù ni. Ohun tí mo bá sọ, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí gov.uk, torí òfin ibí kì í pẹ́ yí padà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti físà ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e tọ ẹni tó ní ìwé àṣẹ lọ.

Gbólóhùn kan tó wà lórí físà yín

Ẹ wọ inú eVisa yín, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa rí gbólóhùn kan: "No recourse to public funds." Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní NRPF. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè tiwa ni pé: "A gbà ọ́ láyè láti wá, ṣùgbọ́n má retí àtijẹ-àtimu láti inú àpò wa." Abala 115 nínú òfin Immigration and Asylum Act ti ọdún 1999 ló ti àwọn owó náà pa mọ́ ẹni tó wà lábẹ́ irú físà bẹ́ẹ̀.

Ta ni ó kàn? Akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ tó wá pẹ̀lú físà Skilled Worker, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú, ọkọ tàbí aya àti àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé wọn, ẹni tó wá bá ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àlejò tó wá kí ẹbí. Kódà kí wọ́n tó fún yín ní físà, ṣebí wọ́n ti bi yín léèrè owó tó wà ní báǹkì? Òṣìṣẹ́ Skilled Worker gbọ́dọ̀ fi hàn pé £1,270 ti wà lọ́wọ́ òun fún ọjọ́ 28, àyàfi bí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe onídùúró fún un. Àkáǹtì yín tí wọ́n ń wò nígbà náà, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè bọ́ ara yín ni.

Ta ni kò kàn? Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ti ní ILR tó fi lè máa gbé ibẹ̀ títí lọ, àti ẹni tí ìjọba ti gbà gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi. Ibi tí irọ́ "ìjọba ń pín owó" ti wá gan-an nìyẹn. Ẹnì kan rí aládùúgbò rẹ̀ tó ń gba Universal Credit, ó rò pé torí pé dúdú làwọn méjèèjì, tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọ̀nà kan náà làwọn jọ ń tọ̀. Kò mọ̀ pé ẹni yẹn ti gba ìwé láti bí ọdún mẹ́wàá. Ọ̀nà ọ̀fun kan náà kọ́ ni gbogbo wa fi ń gbé òkèlè mì o.

Ẹ jẹ́ ká gbé apẹ̀rẹ̀ méjì kalẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ kìíní: èyí tí ẹni tó wà lábẹ́ NRPF kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé: Universal Credit, Child Benefit, Housing Benefit, Pension Credit, PIP àti Disability Living Allowance tó wà fún aláìlera, Attendance Allowance tó wà fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, Carer's Allowance, Council Tax Reduction, ilé kánsù, àti ilé tí kánsù ń wá fún ẹni tí kò ní ibi tó máa sùn sí. Ó ku díẹ̀ síi, ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń kó èèyàn sí wàhálà nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí mẹ́rin nínú wọn, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Èkínní ni Carer's Allowance. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìtọ́jú, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. Kò sí fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ carer fún ilé iṣẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n ń fún aláìsàn ọ̀hún ní owó àìlera, ni wọ́n ń fún. Bí ẹnì kan bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín pé "owó àwọn carer ti jáde," ẹ pa á rẹ́.

Èkejì ni Child Benefit. Ìyá bímọ síbí, inú rẹ̀ dùn, àwọn ọ̀rẹ́ ní "ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ibẹ̀ ni, lọ gba owó rẹ̀." Ọ̀rọ̀ méjì ló ta kókó síbẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1983, ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀, àyàfi bí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tó ti ní ILR. Èkejì, bí ọmọ náà bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, físà ẹni tó fẹ́ gba owó ni wọ́n ń wò. Ọmọ kì í fi ìwé tirẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà fún ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó kánsù. Ohun méjì ló jọra, wọn kì í sì í ṣe ìkan náà. Council Tax Reduction, tí wọ́n ń fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, apẹ̀rẹ̀ kìíní ló wà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ kúrò fún àgbàlagbà kan ṣoṣo tó ń dá gbé ilé, ẹ̀dínwó lásán nìyẹn, kì í ṣe public funds. Ilé tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ aláàkókò-kíkún nìkan ló ń gbé inú rẹ̀ kì í tiẹ̀ san owó kánsù rárá. Àwọn ọmọ wa kan wà tó ń dá gbé, tí wọ́n ń san gbogbo rẹ̀ pé pérépéré torí ẹ̀rù. Ẹ béèrè fún un, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ̀kẹrin ni wákàtí 30 ti ilé ìtọ́jú ọmọ, èyí tí ìjọba ń san fún àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó fún ìdílé kan, ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn òbí gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti gba public funds. Bí tọkọtaya bá jọ wà lábẹ́ NRPF, kò sí fún wọn. Tax-Free Childcare náà ń tọ ọ̀nà kan náà.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá gbà á? Títẹ àdéhùn físà lójú ni. Home Office lè tìtorí rẹ̀ kọ físà tó kàn fún un, òfin Immigration Act ọdún 1971 sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí ẹ̀ gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́. Ẹ má sọ pé "ọ́fíìsì ló fún mi, ṣé èmi ni mo jí i ni?" Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lè má béèrè físà yín lọ́jọ́ tí ẹ kún fọ́ọ̀mù. Ọdún kẹta, nígbà tí ẹ bá ń tún físà ṣe, ni wọ́n máa béèrè.

Bí ẹnikẹ́ni níbí bá ti ń gbà á láìmọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi bò mọ́ra. Ẹ dá a dúró, ẹ sọ fún ọ́fíìsì tó ń san án pé nǹkan ti yàtọ̀, kí ẹ sì rí agbẹjọ́rò físà kí ọjọ́ físà tó pé. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kì í rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi mí: "Ọkọ mi ní ILR, èmi ni mo wà lórí físà. Ṣé ilé wa kò gbọ́dọ̀ gba nǹkan kan ni?" Ọkọ lè gba èyí tó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ìyàwó òun wà lábẹ́ NRPF, kí wọ́n má baà ka ìyàwó mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó. Owó tó bá lé lórí rẹ̀ torí ti ìyàwó ló ń di ẹ̀ṣẹ̀ sí ìyàwó lọ́rùn.

Apẹ̀rẹ̀ kejì: èyí tó tọ́ sí yín

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí èyí tó dùn. Apẹ̀rẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ó kún.

Ọsíbítù ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ ń san owó físà, ẹ san owó kan tí wọ́n ń pè ní Immigration Health Surcharge. Láti ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2024, £1,035 ni lọ́dún fún àgbàlagbà, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọdé. Ẹ jẹ́ ká ní tọkọtaya kan àti ọmọ méjì gba físà Skilled Worker ọdún mẹ́ta: £10,866 ni wọ́n máa kó sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà Health and Care Worker kì í san án, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kan náà ló ní. Lẹ́yìn èyí, oṣooṣù ni wọ́n tún ń yọ owó orí àti National Insurance lára owó iṣẹ́ yín. Tani wá sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ lẹ gba ìtọ́jú? Ẹ ti sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì!

Nítorí náà, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP lọ́sẹ̀ tí ẹ bá dé. Ẹ̀yin aboyún, ẹ má dúró dìgbà tí oyún bá di oṣù keje kí ẹ tó rí midwife. Ní England, ẹni tó lóyún, títí di oṣù 12 lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, kì í sanwó oògùn tí dókítà kọ, kì í sì í sanwó eyín ní NHS. Ẹ kàn sọ fún midwife kí ó bá yín gba ìwé rẹ̀. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan lè kún fọ́ọ̀mù HC1 fún ìrànlọ́wọ́ owó oògùn, eyín àti awò ojú. Èyí náà kì í ṣe public funds.

Ilé ìwé ló tẹ̀ lé e. Ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé ìjọba fún ọmọ yín, físà yòówù kí ẹ wà lórí rẹ̀. Ní England, gbogbo ọmọ tó wà ní Reception, Year 1 àti Year 2 ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ó ti kan gbogbo ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ọmọ tó ti ju ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ lọ náà lè rí oúnjẹ ọ̀fẹ́ gbà bí owó àwọn òbí bá kéré, kódà bí wọ́n bá wà lábẹ́ NRPF. Láti ọdún 2022 ni ìjọba ti fìdí èyí múlẹ̀. Ẹ lọ bá akọ̀wé ilé ìwé, ẹ ní kí ó fún yín ní fọ́ọ̀mù tí àwọn NRPF.

Fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ní England, wákàtí 15 lọ́sẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ọmọ wà fún gbogbo ọmọ, fún ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún. Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ wákàtí 30 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ti 15 yìí kò béèrè físà. Ọmọ ọdún méjì tí àwọn òbí rẹ̀ wà lábẹ́ NRPF, tí owó wọn sì kéré, lè rí i gbà pẹ̀lú. Kánsù ni ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàyí o, owó tí iṣẹ́ yín fi bí i. Ohunkóhun tó bá jẹ́ pé National Insurance tàbí iṣẹ́ tí ẹ ṣe ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kì í ṣe public funds. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ há a sórí.

Ẹni tó bímọ lè gba Statutory Maternity Pay fún ọ̀sẹ̀ 39. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń gbà lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa san. Ọ̀sẹ̀ 33 tó kù, iye tí ìjọba fi lélẹ̀ ni, tàbí ìdá 90 yẹn bí òun ló bá kéré jù. Ohun tí wọ́n máa wò ni pé ó ti ṣiṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ kan náà fún ọ̀sẹ̀ 26 ó kéré tán, títí wọ ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó bímọ, àti pé owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó iye tí òfin sọ. Ẹ gba fọ́ọ̀mù MATB1 lọ́wọ́ midwife, ẹ fún ibi iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kò tọ́ sí yín, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù SMP1, kí ẹ fi béèrè fún Maternity Allowance. Fún ìyẹn, ọ̀sẹ̀ 26 iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 66 ṣáájú ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ń wò, kò sì pọn dandan kó jẹ́ ibì kan náà lẹ ti ṣe é.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé àwọn ọmọbìnrin wa kan ń padà sí iṣẹ́ òru nígbà tí ìwẹ̀ ọmọ kò tíì jinná, torí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí físà bàjẹ́. Owó tiyín ni o! Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá náà lè gba Statutory Sick Pay lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ títí dé ọ̀sẹ̀ 28. Ẹ má fi ibà ru aláìsàn sókè.

Owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún 10 National Insurance ló kéré jù kéèyàn tó lè rí State Pension gbà, ọdún 35 ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílò kí ó tó pé. Ẹ máa pa payslip yín mọ́. Ẹ sì gbọ́ èyí, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbèrò láti padà lọ jókòó sílé: wọ́n á máa san án fún yín ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò ní máa lé lọ́dọọdún bí ó ṣe ń lé fún ẹni tó dúró síbí. Iye tó wà nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gbà á nílé ló máa dúró sí. Ẹ fi èyí sínú ìṣirò ilé tí ẹ ń kọ́.

Ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ

Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀. A máa ń mú ìyá wa wá láti bá wa wẹ ọmọ tuntun. Ó dára. Ṣùgbọ́n físà àlejò ni màmá ní, kò san owó ìlera yẹn. Màmá lè rí GP lọ́fẹ̀ẹ́ ní England. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n lójijì, wọ́n máa tọ́jú wọn ní ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti wá gbà wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù, owó ti dé nìyẹn: ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń ná NHS ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ àlejò. Gbèsè NHS tó bá tó £500, tó kọjá oṣù méjì láìsan, lè jẹ́ kí wọ́n kọ físà fún màmá nígbà mìíràn. Nítorí náà, ẹ ra ìwé ìdójútòfò ìrìn-àjò fún màmá kí wọ́n tó gbéra, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tó máa tó wọn lò dání. Bí ara wọn kò bá sì yá, ẹ gbé wọn lọ ọsíbítù. A lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ ká máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀. A kò lè bẹ ikú.

Bí ilé bá wá jó dé orí òrùlé ń kọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó tara sọ ilẹ̀ lọ́nà Nàìjíríà kó tó wá di ẹni tí kò níṣẹ́, tí kò lè gba bẹ́nífíìtì, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn kò tíì tì tán.

Bí ọmọ kékeré bá wà nínú ilé, abala 17 nínú Children Act ọdún 1989 fún kánsù láṣẹ láti ran ọmọ tó wà nínú àìní lọ́wọ́, títí kan ilé àti owó oúnjẹ. Èyí kì í ṣe public funds. Wọ́n máa bi yín ní ìbéèrè tó pọ̀, ẹ mú ìwé báǹkì dání. Food bank náà kì í ṣe public funds. Ẹ gba ìwé ìtọ́kasí lọ́dọ̀ Citizens Advice, GP tàbí ilé ìwé ọmọ. Ẹni tó wà lórí físà ẹbí tí nǹkan sì dẹnu kọlẹ̀ fún lè kọ̀wé sí Home Office pé kí wọ́n yọ NRPF kúrò lórí físà òun. Físà akẹ́kọ̀ọ́ àti Skilled Worker kò ní àǹfààní yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí a kì í fẹ́ sọ ní ìpàdé. Bí ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tó ní ILR bá ń lu ẹnì kejì, tó sì ń fi físà halẹ̀ mọ́ ọn pé "bí o bá jáde nílé yìí wọ́n máa dá ọ padà," irọ́ ló ń pa. Ìjọba ní ètò kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: tí ìgbéyàwó bá ti fọ́ torí ìlòkulò, ó lè béèrè fún àṣẹ oṣù mẹ́ta tó fi lè gba public funds, kí ó sì fi àkókò náà béèrè ILR tirẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè lọ́fẹ̀ẹ́, tọ̀sán-tòru, ni 0808 2000 247. Bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, 999. Àwa àgbà ẹgbẹ́, bí ọmọ ẹni bá sá tọ̀ wá wá pẹ̀lú ojú wíwú, ẹ má jẹ́ kí "lọ fara dà á" jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu wa.

Àwọn tó ń ta ìmọ̀ràn

Ní ilẹ̀ yìí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì ló lè gba èèyàn nímọ̀ràn lórí físà. Òfin ní kó jẹ́ agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, tí wọ́n ń pè ní OISC tẹ́lẹ̀ kó tó di oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹ wá orúkọ onítọ̀hún nínú ìwé wọn kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀. Citizens Advice kì í gba owó. Nọ́ńbà wọn ní England ni 0800 144 8848.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ èyí náà. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n ti dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun dúró. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta físà carer fún ọmọ yín, tó ní kí ẹ ta ilẹ̀ bàbá yín, olè ni. Ẹni tó bá sì ní "ìjọba máa fún un lówó bó bá dé," olè méjì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé

Mo ní ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ọmọ yín tó dé síbí lọ́dún tó kọjá kò sí lára àwọn tí ìjọba ń bọ́. Òun ló ń san owó ilé, owó kánsù, owó iná, tó sì tún ń tọ́jú owó físà tó ń bọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọdún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń lò kí wọ́n tó lè béèrè ILR. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba gbé ìwé jáde pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀, kò sí ibùsùn tí ìjọba tẹ́ sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, bí ó bá ní "ẹ ní sùúrù, oṣù yìí kò rọgbọ," ẹ má rò pé ahun ni. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì fi owó ayẹyẹ mọ níwọ̀n.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Nígbà tí àwọn bàbá wa kọ́kọ́ kúrò nílé lọ sí Èkó àti Ìbàdàn, kò sí ìjọba tó fún wọn ní bẹ́nífíìtì. Ọmọ ìlú ẹni ló ń gba ẹni sílé, tó ń bá ẹni wá iṣẹ́, tó sì ń dáwó bí ìṣòro bá dé. NRPF ti dá wa padà síbẹ̀. Mo fẹ́ bẹ ìgbìmọ̀ lọ́nà mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣù ẹgbẹ́ fún ọmọ ìlú tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní pọ̀. Kó ṣáà lè ra oúnjẹ àti káàdì ọkọ̀ fún oṣù kan. Ẹ jẹ́ ká yan ẹni méjì, obìnrin kan, ọkùnrin kan, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè pè kí ó tó kún fọ́ọ̀mù kankan. Iṣẹ́ tiwọn ni láti tọ́ka ọ̀nà, wọn kì í ṣe lọ́yà. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kó di òfin lórí àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìròyìn "owó ti jáde" ránṣẹ́ bí kò bá sí ojú ewé gov.uk tó ti rí i.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú mi, apẹ̀rẹ̀ méjì ni o. Èyí tí kì í ṣe tiyín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yín gbé e. Èyí tí ẹ ti sanwó rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìbẹ̀rù. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ béèrè, torí abèèrè kì í ṣìnà. Àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ àyà.

Ìlú wa yóò dára o. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi yóò délé ayọ̀, ẹ ò ní fi ẹ̀wù ẹ̀tẹ́ ká a kò.